Wọ́n Fi Sísọ́ọ̀sì Pín Lẹ́tà Dókítà Eschbacher

Dókítà Lienhart Eschbacher ti kú. Ó kú ní ọ̀sẹ̀ tí yìnyín já bọ́ kẹ́yìn ní Hallenbrück yìí, lórí ibùsùn ara rẹ̀, ó sì ń bú ìgbìmọ̀ ìlú títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Pásítọ̀ wa dúró lórí àga ìwàásù, ó ní Sáàmù ló wà lẹ́nu olóògbé nígbà tó ń lọ. Kì í ṣe Sáàmù o. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé, "Veit, bá mi sọ fún wọn pé ìbaaka kì í mu wáìnì." Ó wúkọ́, ó kọjú sí ògiri, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìbaaka náà, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ìlú ló fún Dókítà ní ìbaaka kan, kó máa gùn ún kọjá afárá lọ sí ilé àwọn aláìsàn tó wà ní òdìkejì odò. Nígbà ìkórè àjàrà tó kọjá, ìgbìmọ̀ ní àwọn fẹ́ yá ẹranko náà kí àwọn fi ru wáìnì àsè àwọn. Wọ́n yá a, wọn ò dá a padà. Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín. Ó ń fẹsẹ̀ tútù jáde, ó ń fẹsẹ̀ tútù wọlé, títí òtútù fi wọ̀ ọ́ láyà. Ta ló pa á? Wọ́n ní òtútù ni. Ó dáa, òtútù ni. Ṣùgbọ́n ta ló wà lórí ìbaaka?

Nígbà tó kú tán, wọ́n ṣèpàdé lórí agogo tí wọn yóò lù fún un. Wọ́n ní agogo ńlá, ti ọmọ ìgbìmọ̀ nìkan ni. Wọ́n wá lu kékeré, èyí tí a fi ń sọ fún àwọn ọlọ́tí pé kí wọ́n tilẹ̀kùn. Nílé ọtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ńṣe làwọn ọkùnrin sáré gbé bíà wọn mì kí wọ́n tó mọ̀ pé èèyàn ló kú. Àwọn àgbà ní ṣàṣà èèyàn ní í fẹ́ni lẹ́yìn bí a ò sí nílé, tajá tẹran ní í fẹ́ni lójú ẹni. Ti Dókítà tiwa tún yàtọ̀. Wọn ò fẹ́ ẹ lójú, wọn ò sì fẹ́ ẹ lẹ́yìn.

Ẹ má rò pé dókítà yẹpẹrẹ kan ni mò ń sọ o. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní ìlú Padua mọ̀ ọ́n. Ní Leiden, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ gán-ín. Ní Kraków, ìjòyè kan tí òkúta wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun àfi bí lẹ́tà bá ti Hallenbrück dé. Ojoojúmọ́ ni lẹ́tà ń wọlé sí ilé náà, ojoojúmọ́ ló ń jáde. Bàbá yìí á jókòó ti aláìsàn, á gbé pákó lé orí eékún, á máa kọ̀wé. Lẹ́tà tó bá sì kọ, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ìwé kún ilé débi pé ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ọkùnrin lòun rò pé òun fẹ́, bébà lòun bá lórí ibùsùn.

Èmi alára wà nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ọdún kan wà tí ikùn mi wú, tó ń kùn, tí n kò lè jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn tó wà níwájú má bojú wẹ̀yìn. Dókítà kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Padua, Dókítà Prospero Galvan. Nígbà tí èsì dé, ó kà á sí mi létí, ó ń rẹ́rìn-ín. Galvan ní kí Veit yé jẹ kábéèjì kíkan, pé ìyàwó òun ti bí ìbejì, pé kí ni Dókítà rò nípa ibà tó ń jà ní Venice, pé èyí àbúrò nínú ìbejì náà kò fẹ́ mu ọyàn, pé gbogbo ilé ń kí Veit, wọ́n sì ń bá a kẹ́dùn lórí ikùn rẹ̀. Bí mo ṣe di gbajúmọ̀ ní Padua nìyẹn, nítorí afẹ́fẹ́.

Bí lẹ́tà wọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Ibà, ìkíni, òògùn, ọmọ tuntun, ẹ̀fẹ̀, ìtọ̀ aláìsàn, gbogbo rẹ̀ á wọnú ara wọn. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Ọkùnrin tó ń wo aláìsàn ló ń fẹ́ ìyàwó, òun náà ló ń bú adìyẹ aládùúgbò, kò pààrọ̀ orí kó tó pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìlú wa ti fi ẹsẹ̀ kọ.

A kò tíì sin ín pẹ́ tí lẹ́tà fi ti Leiden dé sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tọ́jú ìwé olóògbé dáadáa, torí àwọn oníṣègùn níbi gbogbo ń fẹ́ kà á. Hà! Ojú àwọn ọlọ́lá wa là. Ọkùnrin tí kò tó ẹni tí à ń lu agogo ńlá fún ti wá di ìṣúra ìlú. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sílé opó, wọ́n ní ti ìlú ni gbogbo ìwé náà, nítorí àbẹ́là ìlú ló fi ríran kọ ọ́. Opó náà, Ottilia, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Dókítà, obìnrin kúkúrú tó máa ń rìn bí ẹni tó ń lọ bá èèyàn jà, ó na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní àbẹ́là lè jẹ́ ti ìlú o, ọkọ jẹ́ ti òun.

Ọ̀rọ̀ di ti ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dájọ́. Wọ́n ní lẹ́tà iṣẹ́ jẹ́ ti ìlú, lẹ́tà ilé jẹ́ ti opó. Ẹ ò rí i pé ó dùn-ún gbọ́? Ó kàn kù kí ẹnìkan bá wa wá lẹ́tà iṣẹ́ kan tí ilé kò sí nínú rẹ̀, tàbí lẹ́tà ilé kan tí ìtọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Sebald Trautner, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹni tó bá mọ Sebald mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń fún àwọn ẹyẹlé ní búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí a bá ti kọ sílẹ̀, Sebald yóò mú un ṣẹ, bí àṣẹ náà tiẹ̀ ní kó jókòó sórí iná. Ó mú lẹ́tà kìíní, ó rí iṣẹ́ lókè, ó rí ilé nísàlẹ̀. Ó mú èkejì, bákan náà ni. Ó ronú, ó ronú. Ẹ̀yin ará ìlú mi, Sebald lọ mú sísọ́ọ̀sì.

Ó gé gbogbo rẹ̀. Níbi tí òògùn bá ti parí tí ìkíni bá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló gé. Òkè lọ sínú àpótí ìlú, ìsàlẹ̀ lọ sínú agbọ̀n opó. Mo lọ bá a, mo ní kí ló dé tó ṣe irú èyí. Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Rúlà ni mo lò, Veit. Kò sí ọ̀kan tó wọ́."

Mo ní, "Sebald, bébà ní ẹ̀yìn."

Kò yé e. Mo wá ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Mo ní èèyàn á kọ̀wé kún iwájú bébà, á yí i padà, á tún kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá gé iwájú níbi tó tọ́, kí ló gé ní ẹ̀yìn? Ó ní àṣẹ ìgbìmọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá sì lọ mu bíà mi. Òmùgọ̀ kì í wọ́n ní Hallenbrück, èmi ni mo ń tẹ ìkéde wọn. Àmọ́ Ìyá Dókítà ránṣẹ́ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò gbọ́ Látìn tí àwọn dókítà fi ń kọ̀wé síra wọn, èmi tí mò ń to ọ̀rọ̀ Látìn sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lójoojúmọ́ sì gbọ́ ọ níwọ̀nba. Ó ti tẹ́ àwọn àjákù ìwé náà sórí tábìlì ilé ìdáná, ó ń se ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní kí n máa kà á, kí òun máa gbọ́ bí ọkọ òun ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ wa. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan ń ṣépè fún àkùkọ aládùúgbò. Òmíràn ní ìyàwó òun ti ń darúgbó, ṣùgbọ́n kí Galvan má ṣe jẹ́ kó ta sí i létí. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Ó ní, "Ẹ ò rí ọkùnrin yìí? Ó gbé e pamọ́ sínú Látìn."

Ìgbà yẹn ni mo mú èyí tí orúkọ Agnes wà nínú rẹ̀.

Agnes ni ọmọbìnrin wọn. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ibà mú un lọ, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ní àsìkò tí èso ṣẹ́rì ń pọ́n. Dókítà ti ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ sí abúlé, kí àìsàn náà má bàa ràn án. Nígbà tí ìyá fi máa padà dé, wọ́n ti sin Agnes. Ọkọ rẹ̀ kò sọ bó ṣe lọ, òun náà kò bi í. Igi ṣẹ́rì kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ọdọọdún ló ń so, ọdọọdún ni ẹyẹ ń jẹ ẹ́ tán, n kò rí ẹni tó ká a rí nínú ilé náà. Mo máa ń rò pé ó kan ni.

Ẹ̀dà lẹ́tà tí Dókítà kọ sí Galvan lẹ́yìn ikú ọmọ náà ni mo mú lọ́wọ́. Òkè rẹ̀, níbi tó ti sọ bí ibà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ìtọ̀ ṣe rí, òògùn tó lò, ìyẹn ti lọ sọ́dọ̀ ìlú. Ìsàlẹ̀ ni ti ìyá. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á: "Láàárọ̀, ibà náà fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí igi wa, ó ní kí n fún òun ní ṣẹ́rì. Prospero, o mọ ohun tí èmi àti ìwọ ti kọ nípa èso tútù fún ẹni tí ibà ń ṣe. O mọ àwọn ìyá tí mo ti pariwo mọ́ nítorí rẹ̀. Ó tún tọrọ ẹ̀. Ni mo bá"

Bébà tán. Mo yí i padà. Ohun tó wà ní ẹ̀yìn àjákù náà ni: "lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi la sin ín sí. Jọ̀ọ́, má kọ̀wé sí mi nípa rẹ̀ mọ́." Ohun tó wà láàárín méjèèjì, òkè ẹ̀yìn bébà ló wà, ó sì ti bá òkè iwájú lọ sínú àpótí ìlú.

Ìyá Dókítà kò sunkún. Ó ní, "Ṣé ó fún un?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, "Wò ó dáadáa, Veit. Ṣé ó fún un?"

Mo yí àjákù bébà yẹn síwá sẹ́yìn bí ẹni tí yóò rí nǹkan. Ẹ̀wà jóná lórí ààrò, kò sẹ́ni tó gbé e kalẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Kí ẹlẹ́nu má wá sọ fún mi pé ká kọ̀wé sí Padua. A ti kọ ọ́. Galvan ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ta ìwé bàbá wọn fún oníwàràkàṣì, ó fi pọ́n wàràkàṣì fún gbogbo àdúgbò. Kì í ṣe ìlú tiwa nìkan ni orí ti ń dàrú. Ìdajì tó wà nínú àpótí wa nìkan ló kù láyé.

Èmi àti Ìyá Dókítà jọ lọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Olórí Ìgbìmọ̀, Ọlọ́lá Hieronymus Stadler, gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún ìyá ní àga, ó gbọ́ wa títí dópin, Sebald sì jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òfin ò gbà á. Ó ní ohun tó bá jẹ mọ́ àìsàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí i àfi aláìsàn àti dókítà rẹ̀. Òfin gidi ni o. Dókítà Eschbacher fúnra rẹ̀ ló bá wọn kọ ọ́, kí àwọn aya ọlọ́lá má bàa máa fi àrùn ọmọlàkejì tayín ní ọjà.

Ìyá ní, "Agnes ni aláìsàn náà. Èmi ni mo bí i."

Sebald ní, "Ìyá, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ kì í ṣe aláìsàn, ẹ kì í sì í ṣe dókítà."

Èmi wá ní aláìsàn ti kú, dókítà ti kú, ta wá ló kù tí wọ́n ń bá pa àṣírí mọ́? Olórí ní òfin ni. Mo ní ṣé òfin náà ní ibà ni? Ó ní kí n má dá àpárá, pé òun mọ ohun tí mò ń wá, pé lẹ́tà tí n ó tẹ̀ tà ni, mo kàn fi opó bojú. Ẹ gbọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Bí wọ́n bá kó àwọn lẹ́tà náà fún mi lódidi, n ó tẹ̀ wọ́n, inú mi yóò sì dùn. Atẹ̀wé ni mí, n kì í ṣe wòlíì. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ti Agnes, n kò ní tẹ̀ ẹ́, mo sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ wọ̀ wọ́n lára, wọ́n mú ọ̀ràn kọ́kọ́rọ́ jáde. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló ń ṣí àpótí ìlú, ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta ló sì ń tọ́jú wọn. Ẹni kẹta, Ọlọ́lá Burkhart Ammon, ti lọ wẹ̀ níbi ìsun omi gbígbóná nítorí ẹsẹ̀ tó ń ro ó, kò sì ní dé títí di ẹ̀yìn ìkórè àjàrà. Ta ló ní kó máa lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún? Dókítà Eschbacher ni. Kí ló gùn lọ? Ẹ má bi mí, ẹ bi ìbaaka.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ikọ́ mú ìyá lórí afárá, ó di irin mú. Ó ti ń wú ikọ́ yìí láti ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ti ọkọ rẹ̀ mọ irú èyí tó jẹ́. Mo ní kó jẹ́ ká jókòó díẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, "Bí kò bá fún un, n ó ti dárí jì í kí n tó bá a lọ́hùn-ún. Bó bá fún un, n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí mi ò lè ṣe, Veit, ni pé kí n lọ dúró níwájú ọkùnrin yẹn kí n má mọ èyí tí n ó sọ." Ó wá fi etí ìborùn nu ẹnu, ó sì ń lọ níwájú mi.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin ọlọ́lá. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí wọ́n gba ìbaaka lọ́wọ́ àgbàlagbà. Mo fẹ́ kí ẹni tó fọwọ́ sí ìdájọ́ iṣẹ́ àti ilé yẹn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìsun omi ní àárín ọjà, kó kà á sókè, kó fi ọ̀nà tí èèyàn fi ń gé dókítà kúrò lára bàbá hàn wá. Sebald náà, kó se gọ́ọ̀mù, kó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣáà ní rúlà. Ẹ ní ẹ fẹ́ràn olóògbé, ẹ ní ẹ fẹ́ gbé òkúta kalẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ tiẹ̀ ti ń bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Látìn. Òkúta wo? Ojú ò wá tì yín?

Gbogbo ìyẹn lè dúró. Leiden lè dúró, òkúta lè dúró, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi náà lè dúró. Ìdajì bébà kan ni kò lè dúró de ẹ̀yìn ìkórè àjàrà. Bí kọ́kọ́rọ́ ò bá sí, alágbẹ̀dẹ wà ní Hallenbrück, kó wá fọ́ àgádágodo náà lónìí. Ẹ bá mi mú bébà náà jáde, ẹ gbé e lọ sílé ìyá, bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé n ó tẹ̀ ẹ́, ẹ dè mí lọ́wọ́ kí n fi ojú nìkan kà á. Ìyá kan ń wúkọ́ nítòsí afárá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun jẹ ṣẹ́rì kó tó kú.